Wọ́n pa fọ́tò rẹ́ lórí káàdì kámẹ́rà: PhotoRec, Recuva, tàbí ṣọ́ọ̀bù?

Ní Sátidé kan ní 2019, iṣẹ́ méjì ni mo gbà lọ́jọ́ kan ṣoṣo: ìkómọ ní Bódìjà láàárọ̀, ìgbéyàwó ní Ring Road lọ́sàn-án. Ọmọ iṣẹ́ mi rò pé mo ti kó fọ́tò àárọ̀ sórí láptọ́ọ̀pù, ló bá fọ́ọ̀mátì káàdì náà nínú kámẹ́rà, ó sì bá tọ̀sán lọ. Fọ́tò 63 ló ti yà lé e lórí kí n tó bi í pé káàdì wo ló wà nínú kámẹ́rà yẹn. Ojú rẹ̀ nìkan ti sọ ìdáhùn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba fọ́tò padà, tí mo sì ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nílùú Ìbàdàn ṣe é nígbà tí ti wọn bá ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń gbé wá ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, sọ́fítíwíà wo ló dáa jù?” Èmi náà á bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí káàdì. Ẹni tó pa fọ́tò márùn-ún rẹ́ lójijì, ẹni tó fọ́ọ̀mátì gbogbo káàdì, àti ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò tilẹ̀ rí káàdì mọ́, oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ibi tí fọ́tò máa ń wà lẹ́yìn tó bá ti “lọ”

Ẹ wo káàdì bí ilé ayálégbé kan ní Òkè-Àdó. Onílé ní ìwé kan tó ń kọ orúkọ ayálégbé àti nọ́ńbà yàrá sí. Tí ẹ bá pa fọ́tò rẹ́, onílé kì í lọ kó ẹrù ẹnikẹ́ni síta. Bírò ló kàn fi fa ìlà lé orúkọ náà. Ẹrù ṣì wà nínú yàrá, àfi ìgbà tí ayálégbé tuntun bá kó wọlé.

Lórí káàdì tí kò ju 32GB lọ, FAT32 ni ìwé onílé sábà máa ń jẹ́. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ fáìlì nìkan ló ń bàjẹ́, ìyókù ṣì ṣeé kà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí orúkọ bíi ?MG_0234.JPG tàbí _SC_0412.JPG tí ẹ bá ń wá ohun tó sọnù. Àmọ́ àkọsílẹ̀ tó ń sọ pé ẹrù ẹni yìí bẹ̀rẹ̀ ní yàrá 5, ìyókù rẹ̀ wà ní yàrá 9, ìyẹn a máa nù pátápátá. Láti 64GB sókè, exFAT ló sábà máa ń wà níbẹ̀, àmì kékeré kan tó ń sọ pé “ẹni yìí ṣì ń gbé ibí” ni wọ́n ń yọ kúrò.

Ti fọ́ọ̀mátì le jù ìyẹn lọ. Onílé fa ìwé àtijọ́ ya, ó mú ìwé tuntun. Síbẹ̀, ẹrù wà nínú yàrá. Ohun tí ẹ ní láti mọ̀ ni pé kámẹ́rà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ọ̀mátì káàdì rẹ̀ sábà máa ń kó ayálégbé tuntun sí yàrá àkọ́kọ́, á sì máa tẹ̀ lé e lọ. Fọ́tò 63 tí ọmọ iṣẹ́ mi yà kò bọ́ sí ibi tó ṣófo lẹ́yìn. Ìbẹ̀rẹ̀ ìkómọ ni wọ́n bò mọ́lẹ̀, ìyẹn àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí bàbá ọmọ ń pe orúkọ.

Ẹ̀yin tó ń lo Canon, ẹ ṣọ́ àpótí kékeré tí wọ́n kọ “Low level format” sí. Bí ẹ bá ti fi àmì sí i kí ẹ tó fọ́ọ̀mátì, ẹrù gan-an ni wọ́n kó dà nù, kò sì sí èyí nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí tó máa ràn yín lọ́wọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó yan ohunkóhun, ẹ yọ káàdì náà. Ẹ má ya ẹyọ kan lé e mọ́. Tí ẹ bá wà lóde àríyá, ẹ yá káàdì ẹlòmíràn lò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì SD, bọ́tìnnì kékeré kan wà, ẹ fà á sí LOCK. Tó bá jẹ́ microSD, àdápítọ̀ rẹ̀ ló ní i. Bọ́tìnnì yìí kò ti nǹkan kan nínú káàdì fúnra rẹ̀ o. Rídà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ẹ ń ki káàdì bọ̀ kí kọ̀ǹpútà lè kà á, ló ń wò ó tó sì ń gbọ́ràn sí i, rídà pọ́ọ́kú mìíràn kì í sì gbọ́. Síbẹ̀, ó sàn ju kí a fi í sílẹ̀ lọ, torí Windows máa ń dá fódà “System Volume Information” sórí káàdì láìtọrọ àyè, fóònù Android sì máa ń kó fódà tirẹ̀ síbẹ̀. Ayálégbé tuntun ni gbogbo wọn.

Bí Windows bá ní kí ẹ fọ́ọ̀mátì káàdì kí ẹ tó lè lò ó, Cancel ni kí ẹ tẹ̀. Bó bá ní òun fẹ́ tún un ṣe, ẹ kọ̀ fún un.

Recuva ń ka ìwé onílé, PhotoRec ń ṣí ilẹ̀kùn

Àwọn méjèèjì yìí ni mo máa ń fi wéra jù, torí ọ̀fẹ́ ni wọ́n, wọn kò sì fi iye fọ́tò tí ẹ lè gbà dí yín lọ́wọ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ ló yàtọ̀.

Piriform, àwọn tó ṣe CCleaner, ló ṣe Recuva. Orí Windows nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ṣí i, yóò bi yín pé irú fáìlì wo lẹ ń wá, níbo ló sì wà. Ẹ yan àwòrán, ẹ yan káàdì. Lẹ́yìn náà ló máa lọ ka ìwé onílé, tí á wá gbogbo orúkọ tí wọ́n fa ìlà lé. Kò ní pẹ́ tí yóò fi kó wọn síwájú yín, pẹ̀lú àmì àwọ̀: ewéko fún èyí tó dà bíi pé ó pé, ọsàn fún èyí tó ku díẹ̀ káàtó, pupa fún èyí tí ẹlòmíràn ti kó sí yàrá rẹ̀. Orúkọ fáìlì wà níbẹ̀, ẹ sì lè wo àwòrán kí ẹ tó gbà á. Tó bá jẹ́ pé fọ́tò márùn-ún ni ẹ pa rẹ́ láàárín 400, tí ìyókù ṣì wà níbẹ̀, mi ò mọ ohun tó rọrùn ju èyí lọ. Ẹ ó mú márùn-ún yín, ẹ ó sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ má gbára lé àmì ewéko yẹn jù, ó ti tàn mí rí. Lórí FAT32, Recuva gbà pé ẹrù wà ní yàrá tó tẹ̀ léra ni, torí àkọsílẹ̀ tó yẹ kó sọ òótọ́ fún un ti nù. Bí kámẹ́rà bá ti pín fọ́tò náà sí ibi méjì, ẹ ó ṣí i, ẹ ó rí orí ìyàwó, ara rẹ̀ á sì di eérú.

PhotoRec kò tilẹ̀ wo ìwé onílé. Ọmọ Faransé kan, Christophe Grenier, ló kọ ọ́, inú àpò kan náà pẹ̀lú TestDisk, ètò mìíràn tó kọ, ló sì máa ń wà. Windows, Mac àti Linux, gbogbo rẹ̀ ló bá lọ. Ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ló ń ṣí tó ń wo irú ẹrù tó wà nínú yàrá. Gbogbo JPEG, ìyẹn fáìlì fọ́tò lásán, máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì FF D8 nínú fáìlì, ó sì máa ń parí pẹ̀lú FF D9. Tó bá ti rí ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, ó mọ̀ pé fọ́tò ló wà níbẹ̀. Ó lé ní irú ìparí orúkọ fáìlì (bíi .jpg) 480 tó mọ̀. Ohun tí mo sì fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé kíkà nìkan ló ń ka káàdì, kì í kọ ohunkóhun sí i.

Ojú rẹ̀ ló ń ba ènìyàn lẹ́rù: pátákó dúdú, lẹ́tà funfun, kò sí àwòrán kankan. Ẹ ṣí QPhotoRec tó wà nínú fódà kan náà, ìyẹn ní bọ́tìnnì tí ẹ lè tẹ̀. Bó bá béèrè irú ìwé onílé, ẹ mú èyí tó ní FAT nínú, kì í ṣe ext2. Ẹ yan “Whole” bí káàdì bá ti bàjẹ́ tàbí tí wọ́n ti fọ́ọ̀mátì rẹ̀. Nínú irú fáìlì, ẹ yọ àmì kúrò lára gbogbo rẹ̀, kí ẹ wá fi àmì sí jpg nìkan, àti tif bí ẹ bá ń ya RAW (fọ́tò tútù tí kámẹ́rà kò tíì sọ di JPEG), torí abẹ́ tif ló kó NEF ti Nikon àti CR2 ti Canon sí. Ibi tó máa kó wọn sí gbọ́dọ̀ jẹ́ orí kọ̀ǹpútà tàbí háàdì díìsìkì mìíràn.

Iṣẹ́ tó le ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn náà. Torí pé kò wo ìwé, kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo fọ́tò yóò di f0012345.jpg àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, 500 nínú fódà kọ̀ọ̀kan tó ń jẹ́ recup_dir.1, recup_dir.2. Yóò tún kó ẹrù àwọn ayálégbé ọdún méjì sẹ́yìn jáde. Nígbà tí mo ṣe ti ìkómọ yẹn, mo bá ìsìnkú kan níbẹ̀ tí mo ti gbàgbé. Ọ̀nà àbáyọ ni ọjọ́ tí kámẹ́rà kọ sínú fọ́tò fúnra rẹ̀: ẹ ṣí ìlà “Date taken” nínú fódà Windows, ẹ tò wọ́n tẹ̀ lé e, Sátidé yín á kó ara rẹ̀ jọ sójú kan. Ìdí rèé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n ṣètò ọjọ́ àti aago kámẹ́rà dáadáa.

Ti àkókò ńkọ́? Káàdì rídà USB 2.0 tó ń ka 20MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan máa lo bíi ìṣẹ́jú 53 lórí 64GB. Ẹ mọ bí iná wa ṣe rí. Ẹ jẹ́ kí bátìrì láptọ́ọ̀pù kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì má gbára lé jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ kù díẹ̀. PhotoRec ṣe ohun kan níbí tó yẹ kí a yìn ín fún: ó máa ń kọ ibi tó dé sílẹ̀ nínú fáìlì kan tó ń jẹ́ photorec.ses, tí iná bá sì lọ, yóò béèrè bóyá kí òun máa bá a lọ láti ibẹ̀.

Recuva náà ní “Deep Scan” tó ń ṣí ilẹ̀kùn. Ó ń ṣiṣẹ́. Lórí káàdì tí wọ́n ti fọ́ọ̀mátì, iye tó ń mú wá fún mi kò tíì tó ti PhotoRec rí. Nítorí náà, ìdájọ́ tèmi ni pé Recuva fún ẹni tó pa díẹ̀ rẹ́, PhotoRec fún ẹni tó fọ́ọ̀mátì, àti fún ẹnikẹ́ni tí kò lo Windows.

Microsoft náà ní tirẹ̀, Windows File Recovery, ọ̀fẹ́ ni, ó wà ní Microsoft Store fún Windows 10 ẹ̀yà 2004 sókè (nọ́ńbà ẹ̀yà ni, kì í ṣe ọdún). Títẹ àṣẹ ni gbogbo rẹ̀, lórí FAT àti exFAT ọ̀nà “extensive” ló yẹ kí ẹ lò. Ẹni tó bá lè tẹ àṣẹ yẹn lè lo PhotoRec, mi ò sì rí ìdí tó fi máa fi PhotoRec sílẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ń sanwó fún

Disk Drill, EaseUS, Stellar: ojú wọn mọ́, ọwọ́ wọn rọrùn. Wọn yóò wo káàdì yín lọ́fẹ̀ẹ́, wọn yóò fi fọ́tò hàn yín, kí wọ́n tó wá béèrè owó nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbà ju ìwọ̀n díẹ̀ lọ sílẹ̀. Dọ́là ni owó náà, ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mo ní kí ẹ fi àfihàn ọ̀fẹ́ yẹn ṣe ẹlẹ́rìí: bí PhotoRec kò bá rí fọ́tò kan, tí èyí sì fi í hàn yín kedere, títóbi rẹ̀ pé, owó náà tọ́. Bó bá jẹ́ pé orúkọ fáìlì lásán ló ń fi hàn, ẹ di owó yín mú.

Ẹ má lo èyí tí wọ́n fọ́ kí wọ́n má baà sanwó, tí wọ́n ń pín kiri lórí fláàṣì. Mo ti rí láptọ́ọ̀pù ẹlẹgbẹ́ mi tó gba fáírọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà yìí, tó sì pàdánù iṣẹ́ oṣù mẹ́ta nítorí ìkómọ kan ṣoṣo.

Bí káàdì yín bá jẹ́ SanDisk Extreme PRO, ẹ wo inú páálí rẹ̀ kí ẹ tó jù ú nù. Wọ́n sábà máa ń fi kóòdù RescuePRO Deluxe síbẹ̀, ẹ ti sanwó rẹ̀ nígbà tí ẹ ra káàdì.

Ti fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. DiskDigger, ètò tó ń gba fọ́tò padà, lórí Android tí kò sí rúùtù (àṣẹ láti dé gbogbo inú fóònù), àwòrán kéékèèké tí fóònù tọ́jú fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń kó wá. Ẹ wá láptọ́ọ̀pù yá.

Fúnra yín tàbí ṣọ́ọ̀bù

Àwọn tó mọ iṣẹ́ wà ní Queen Cinema àti ní Iwo Road. Mo mọ àwọn ẹnjiníà níbẹ̀ tí ọwọ́ wọn dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, torí ó dùn mí títí di òní.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè lẹ́yìn ìkómọ yẹn, mi ò tíì gbọ́ PhotoRec rí. Mo gbé káàdì náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan, mo fi í sílẹ̀, mo lọ sí ibi iṣẹ́ mi. Nígbà tí mo padà dé lálẹ́, ọkùnrin náà fi ayọ̀ sọ fún mi pé òun ti rí 40. Mo ní kó fi wọ́n hàn mí. Orí káàdì yẹn kan náà ló kó wọn sí. Ó gba ẹrù 40 ayálégbé là, ó sì gbé wọn lé orí ẹrù 40 mìíràn. Kò ṣe é pẹ̀lú ìkà, mo sì gba tọ̀hún mọ́ra. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ rí.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi káàdì lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ bi í léèrè pé: “Ẹnjiníà, níbo lẹ ó kó wọn sí?” Bí kò bá sọ háàdì díìsìkì tàbí kọ̀ǹpútà kó tó mí, ẹ gba káàdì yín. Ẹ bi í bóyá ẹ lè jókòó tì í. Àwòrán àwọn oníbàárà wa ló wà níbẹ̀: ìyàwó tí wọ́n ń wọ aṣọ fún, ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀, òkú tí wọ́n tẹ́ ní ìtẹ́. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ka àwòrán ojú ènìyàn sí ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́. Kí òfin tó dé pàápàá, ìyá ìyàwó kò ní dárí jì yín bí ó bá bá a lórí WhatsApp.

Bí káàdì bá ń já, tó ń hàn tó sì ń pa rẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sọ́fítíwíà wá nǹkan lórí rẹ̀ ní tààrà. Ẹ̀dà odindi káàdì ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, fáìlì kan ṣoṣo sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n wá ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà náà. GNU ddrescue ló dáa jù fún káàdì tó ń ṣàìsàn, torí ó máa ń kó ibi tó yá ní kíkà ná, á wá padà sí ibi tó le. Win32 Disk Imager tó fún káàdì tí ara rẹ̀ le. PhotoRec lè ṣí ẹ̀dà náà bí ẹni ṣí káàdì.

Fídíò

Fídíò ṣòro ju fọ́tò lọ. Ó tóbi, kámẹ́rà sì máa ń pín in káàkiri yàrá tó jìnnà síra, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn kò mọ yàrá wo ló tẹ̀ lé èwo. Nínú MP4, apá tó ń sọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe so pọ̀ sábà máa ń wà ní ìparí, kámẹ́rà tí bátìrì rẹ̀ kú lójijì kì í rí i kọ. Fún irú ìyẹn, ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ untrunc: ẹ fún un ní fídíò kan tó dára láti inú kámẹ́rà kan náà, pẹ̀lú ìṣètò kan náà, yóò fi kọ́ bí èyí tó bàjẹ́ ṣe yẹ kó rí. Níbi fídíò tó fọ́nká ni mo ti gbà pé sọ́fítíwíà olówó lè sàn ju ti ọ̀fẹ́ lọ.

Káàdì ayédèrú àti káàdì tó kú

Káàdì 128GB wà ní ọjà tó jẹ́ pé 8GB ni yàrá tó wà nínú rẹ̀. Ó ń pa irọ́ fún kámẹ́rà. Fọ́tò tó bá kọjá ààlà yẹn kò sí níbì kankan, torí kò fìgbà kan wọ yàrá. Kò sí PhotoRec, kò sí Recuva, kò sí owó tó lè mú un padà. H2testw láti Jámánì lórí Windows, tàbí F3 lórí Mac àti Linux, máa ń fi ẹrù kún káàdì dé ẹnu, wọ́n sì máa ń kà á padà. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ bá ra káàdì, kí oníṣòwò náà tó gbàgbé ojú yín.

Bí kọ̀ǹpútà méjì àti rídà méjì kò bá rí káàdì rárá, sọ́fítíwíà ti kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mákíróskópù ló kù. Nínú microSD, ọpọlọ àti ibi ìpamọ́ ti di ẹyọ kan, wáyà tín-ín-rín ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ọn kí wọ́n tó lè kà á. Owó ńlá ni, torí náà ẹ béèrè bóyá wọn kì í gba owó tí wọn kò bá rí nǹkan, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohun gbígbóná kan káàdì náà níbí kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Nínú fọ́tò 212 ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, 97 ló padà bọ̀ láìlábùkù, 12 padà ní ààbọ̀. Ìyá àgbà tó fi oyin kan ọmọ lẹ́nu kò sí nínú àwọn tó pé. Àmọ́ PhotoRec tún máa ń yọ àwòrán kékeré tí kámẹ́rà fi pamọ́ sí orí fọ́tò kọ̀ọ̀kan, orúkọ wọn á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú t dípò f. Ìdí fọ́tò ìyá àgbà ti lọ lábẹ́ 40 yẹn. Orí rẹ̀ kù, àwòrán kékeré náà sì wà níbẹ̀, 160 ní ìbú, 120 ní gíga. Deep Scan ti Recuva kò mú un wá fún mi. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe wà, kò ju sítáǹpù lẹ́tà lọ, mo sì gbé e fún ìyá ọmọ náà pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Inú Bíbélì rẹ̀ ló fi í sí.